Bí a ṣe ń tètè dá bakitéríà inú ẹ̀jẹ̀ mọ̀: ìtọ́sọ́nà fún àwọn láàbù wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ láàbù ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó, ní Ọ̀wọ̀ àti ní àwọn ìlú tó yí wa ká ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tó wà ní ìlú Oǹdó. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí wa náà ní ipa tiwọn níbẹ̀. Lọ́dún 2017, nǹkan bíi mílíọ̀nù 48.9 ènìyàn ni sepsis (ìgbà tí àkóràn bá mú kí ara máa ba ara rẹ̀ jẹ́) kọlù káàkiri ayé, mílíọ̀nù 11 ikú ló sì so mọ́ ọn. Ìwádìí kan láti Kánádà àti Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2006, wo àwọn tí sepsis ti já ìfúnpá wọn wálẹ̀. Láàárín wákàtí 6 àkọ́kọ́, wákàtí kọ̀ọ̀kan tí oògùn tó tọ́ fi pẹ́ ń gé nǹkan bí ìdá 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú iye àwọn tó yè.

Dókítà kì í dúró de láàbù kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kò sì gbọdọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n àbá ni oògùn àkọ́kọ́ yẹn. Àwa la máa sọ bóyá àbá náà bá kòkòrò tó wà nílẹ̀ mu. Lójú tèmi, àkókò tó ń ṣòfò ní ọ̀pọ̀ láàbù wa kì í ṣe èyí tí àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ ń gbà. Àárín àyẹ̀wò kan sí èkejì ló ń ṣòfò sí: igò ẹ̀jẹ̀ (èyí tó ní bróọ̀tì, omi oúnjẹ tí bakitéríà ń hù nínú rẹ̀) tó jókòó sórí tábìlì wọ́ọ̀dù títí di ọ̀sán, igò tó ti dàrú láti òru tí ẹnikẹ́ni kò wò títí ilẹ̀ fi mọ́, èsì Gram (aró tó ń fi irú bakitéríà hàn) tí a kọ sínú rẹ́jísítà tí a kò pe ẹnì kankan. Àwọn wákàtí wọ̀nyẹn la lè gbà padà láìra ẹ̀rọ tuntun.

Ẹ̀jẹ̀ fífà

Kí ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aláìsàn kí oògùn apakòkòrò àkọ́kọ́ tó wọ ara rẹ̀. Èyí ṣòro lọ́dọ̀ wa, torí pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ti gba kẹ́mísì àdúgbò kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ fi sùúrù bi wọ́n: “Ìyá, kí lẹ ti lò láti ìgbà tí ara ti ń gbóná? Ṣé wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́? Ṣé kápúsù aláwọ̀ méjì wà níbẹ̀?” Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ orúkọ oògùn, ṣùgbọ́n wọ́n rántí àwọ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ, ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù. Bí igò yín bá jẹ́ irú èyí tó ní resin, resin náà á fa díẹ̀ nínú oògùn inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, bakitéríà á sì ráyè hù.

Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ la máa ń fojú kékeré wò. Nínú mílílítà 1 ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà, bakitéríà lè má tó ẹyọ kan. Tí a bá wá fa mílílítà 2 péré, a lè bá ẹ̀jẹ̀ tí kò ní nǹkan kan nínú bọ̀ lára ẹni tí àìsàn náà ń pa lọ. Fún àgbàlagbà, ẹ fi mílílítà 8 sí 10 sínú igò kọ̀ọ̀kan, kó sì jẹ́ sẹ́ẹ̀tì méjì láti ojú iṣan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fún ọmọ tuntun, mílílítà 1 nínú igò àwọn ọmọdé dára. Bí ó bá jẹ́ igò tí ẹ pò fúnra yín, kí bróọ̀tì fi ìlọ́po 5 sí 10 ju ẹ̀jẹ̀ lọ, kí SPS sì wà nínú rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì.

Ẹ fi chlorhexidine 2% inú sípírítì 70% nu awọ ara fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, sípírítì nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má tún fi ìka tẹ ojú iṣan náà lẹ́yìn tí ẹ ti nù ún. Ẹ nu rọ́bà orí igò náà, torí pé ìdérí tí a ṣí kúrò lórí rẹ̀ kò fi hàn pé ó mọ́. Ẹ má fa ẹ̀jẹ̀ látinú kánnúlà tó ti wà lọ́wọ́ aláìsàn, àfi bí kánnúlà náà gan-an bá jẹ́ ohun tí a fura sí.

Kí igò dé láàbù láàárín wákàtí 2. Ẹ má ṣe gbé e sínú fíríìjì, ẹ má sì kó o pọ̀ mọ́ àwọn sáńpù tó wà nínú kúlà oníyìnyín. Bí ọlọ́kadà bá ń gbé e bọ̀ láti ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọ̀bà-Ilé tàbí Ìjọ̀kà wá sí Alágbàká, àpò lásán tí kò ní yìnyín ló yẹ ẹ́. Òtútù kì í pa gbogbo bakitéríà, ṣùgbọ́n ó ń dá wọn dúró, ó sì lè pa àwọn tó gbẹgẹ́ láàárín wọn.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níbí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù lọ ní Nàìjíríà, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Federal Medical Centre tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì jẹ́ ojúkò ìtọ́jú rẹ̀. Ibà Lassa àti sepsis lè jọ ara wọn púpọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kí dókítà kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù bí ó bá fura. Bí ó bá ti kọ ọ́, igò náà kò gbọdọ̀ ṣí lórí tábìlì gbangba. Kábínẹ́ẹ̀tì ààbò ni, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ ní pípadé títí èsì Lassa yóò fi dé. Ẹ̀mí tiyín náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Nínú ínkúbétọ̀

Ẹ̀rọ bíi BACTEC àti BacT/ALERT ń wo igò kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 10-10, ó ń wá carbon dioxide tí bakitéríà ń tú jáde. Bí ẹ bá ní i, ìṣòro yín kì í ṣe ẹ̀rọ mọ́, ẹni tó máa gbọ́ ariwo rẹ̀ lóru ni. Ẹ kọ orúkọ onítọ̀hún sára ògiri ní ojoojúmọ́.

Bí ẹ kò bá ní i, ínkúbétọ̀ 35 sí 37°C tó. Ẹ wo igò láàárọ̀, ẹ tún wò ó nírọ̀lẹ́, ojoojúmọ́ fún ọjọ́ 7. Ẹ gbé e sókè síwájú iná láìmì í. Ẹ wò ó bóyá omi orí ẹ̀jẹ̀ ti dàrú, bóyá ó ti pupa bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá fọ́, bóyá afẹ́fẹ́ ti wà nínú rẹ̀, tàbí bóyá èérún funfun kéékèèké ti hù sórí sẹ́ẹ̀lì pupa tó rọ̀ sísàlẹ̀. Nígbà tí wákàtí 18 sí 24 bá pé, ẹ fa díẹ̀ jáde, ẹ fi Gram wò ó, ẹ sì gbìn ín sórí àgáà ṣokoléètì, kódà bí ojú kò bá rí nǹkan kan. Haemophilus àti Neisseria lè ti kún inú igò kí omi rẹ̀ ṣì mọ́ gaara. Ẹ tún gbìn ín ní ọjọ́ kejì àti ní ọjọ́ ìkẹyìn.

Ní ti iná, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí. Ẹ so ínkúbétọ̀ mọ́ inverter ṣáájú ohunkóhun mìíràn nínú láàbù, kí tẹmọ́mítà sì wà nínú rẹ̀ tí ẹnì kan ń kọ kíkà rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Aró Gram: ìdajì wákàtí tó ṣe pàtàkì jù

Láti ọdún 1884 tí Hans Christian Gram ti gbé aró yìí jáde ní Berlin títí dòní, n kò mọ àyẹ̀wò mìíràn tó ń fún dókítà ní ìmọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní owó táṣẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká rìn ín ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ nu rọ́bà igò pẹ̀lú sípírítì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi síríńjì fa mílílítà 1. Ẹ kán ẹyọ kan sórí síláìdì, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́rẹ́. Síláìdì méjì ni kẹ́ ẹ ṣe, kí ọ̀kan wà nípamọ́. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Ẹ lo methanol dípò ọwọ́ iná láti mú un lẹ̀. Iná ń dín ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ gbẹ, kò ní jẹ́ kí ojú ríran. Ẹ da crystal violet lé e fún ìṣẹ́jú 1, ẹ ṣàn án. Ẹ da Lugol (omi iodine) lé e fún ìṣẹ́jú 1, ẹ ṣàn án. Lẹ́yìn náà ni acetone tàbí acetone-alcohol, fún ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 5 péré. Ibí ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe wà. Ẹ wo omi tó ń kán kúrò létí síláìdì: ní kété tí àwọ̀ àlùkò kò bá ṣàn mọ́, ẹ da omi sí i kíá. Ẹ wá fi safranin, aró pupa, pa á fún ìṣẹ́jú 1, ẹ ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Kí síláìdì Staphylococcus aureus àti Escherichia coli tí ẹ mọ̀ dájú máa bá a rìn.

Lábẹ́ lẹ́ǹsì ×100, ẹ óò kọ́kọ́ rí pàǹtírí sẹ́ẹ̀lì pupa. Ẹ má kánjú. Aró tí a kò sẹ́ máa ń fi ègé dúdú kéékèèké sílẹ̀ tí ó jọ kọ́káì (bakitéríà roboto), ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí lẹ́ǹsì díẹ̀, ẹ óò rí i pé ojú ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, bákan náà ni títóbi wọn kò dọ́gba. Kọ́káì tòótọ́ dọ́gba. Staphylococcus ṣù jọ bí ìdì ẹyìn. Streptococcus tò tẹ̀lé ara wọn. Pneumococcus sábà máa ń wà ní méjì-méjì, orí wọn ṣẹnu ṣóńṣó. Onígi (bakitéríà gígùn bí igi) aláwọ̀ osùn, tí a ń pè ní Gram-negative, ni E. coli, Klebsiella, Salmonella àti Pseudomonas, ojú nìkan kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn kan wà tó ń tan ni jẹ. Acinetobacter lè di àwọ̀ àlùkò mú, kó sì kúrú tó fi jọ kọ́káì méjì-méjì. Bacillus lè di aláwọ̀ osùn. Pneumococcus tó ti pẹ́ nínú igò máa ń fọ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣá. Nítorí rẹ̀ ni igò pósítíìfù kò fi gbọdọ̀ sùn mọ́jú. Bí ẹ bá sì rí onígi aláwọ̀ osùn tó kéré gidigidi, tó jọ ọ̀kọ́ yanrìn, tó sì pẹ́ kó tó hù, ẹ rántí Brucella, pàápàá bí aláìsàn bá jẹ́ darandaran tàbí alápatà. Ẹ má fi imú gbọ́ òórùn àwo rẹ̀, inú kábínẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ ti ṣí i. Bí ohun tí ẹ rí bá tóbi ju kọ́káì lọ ní ìlọ́po bíi mélòó kan, tó ń so ọmọ létí, Candida ni, kì í ṣe bakitéríà, òun náà sì yẹ fún ìpè.

Ẹ pe dókítà

Kí ẹ tó jókòó ti ohun mìíràn, ẹ gbé fóònù. Ohun tí WhatsApp ń fún yín ni àmì méjì, kò fi hàn pé dókítà ti kà á. Ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ gùn:

“Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti láàbù ni. Ọmọ jòjòló tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun, igò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àná ti pósítíìfù, ọ̀kan nínú ọ̀kan. Onígi Gram-negative la rí. A ò tíì mọ orúkọ rẹ̀, ẹ máa gbọ́ wa kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ kà fún mi.”

Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ àti aago sílẹ̀. Bí dókítà kò bá gbé e, ẹ pe sístà tó wà ní wọ́ọ̀dù.

Ohun tí a lè ṣe lọ́jọ́ náà gan-an

Ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ nínú igò ló ń dí wa lọ́wọ́. Ọ̀nà kan tó rọrùn ni túùbù onígẹ́ẹ̀lì olórí yẹ́lò tí a fi ń gba sérọ́ọ̀mù. Ẹ da mílílítà 5 látinú igò pósítíìfù sínú rẹ̀, ẹ yí i nínú sẹntirífíúùjì fún ìṣẹ́jú 10 ní agbára 1500 sí 2000 g. Sẹ́ẹ̀lì pupa á lọ sábẹ́ gẹ́ẹ̀lì, bakitéríà á sì fẹlẹ̀ funfun lé orí gẹ́ẹ̀lì. Ẹ da omi òkè rẹ̀ nù sínú oògùn apakòkòrò láàbù, ẹ fi lúùpù gbo bakitéríà náà sínú omi oníyọ̀ tó mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, ẹ kán bróọ̀tì sórí àgáà ṣokoléètì, àgáà ẹ̀jẹ̀ àti MacConkey tí ẹ ti mú gbóná díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láàárín wákàtí 4 sí 6, hóró (ìdìpọ̀ bakitéríà tó hù lórí àgáà) lè má tíì yọ, ṣùgbọ́n ìpele tínínrín kan á ti wà lórí ṣokoléètì tó tó fún àyẹ̀wò púpọ̀.

Bí kọ́káì bá ṣù jọ, ohun tí dókítà fẹ́ mọ̀ ni bóyá S. aureus ni tàbí irú àwọn tó ń gbé lórí awọ ara. Ẹ fi mílílítà 0.1 bróọ̀tì sínú mílílítà 0.5 pilásímà ehoro tó ní EDTA, tí ẹ ti bu omi là. Ẹ gbé e sí 37°C, ẹ máa rọra tẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí 1, 2 àti 4, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Bí ó bá dì, kódà díẹ̀, S. aureus ni, ẹ tún pè. Bí kò bá dì ní wákàtí 4, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Mo mọ̀ pé pilásímà láti báǹkì ẹ̀jẹ̀ ló sún mọ́ wa, ṣùgbọ́n citrate ló wà nínú rẹ̀, àwọn bakitéríà kan bí Enterococcus sì lè jẹ citrate náà kí pilásímà dì láìsí coagulase, èròjà tí S. aureus fi ń mú un dì.

Bí kọ́káì bá wà ní méjì-méjì tàbí tó tò, ẹ fi sodium deoxycholate 2% sí omi bakitéríà tó dàrú, kí túùbù kejì jẹ́ omi oníyọ̀ lásán. Ti pneumococcus á mọ́ gaara láàárín ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi dísìkì oògùn optochin tì í lẹ́yìn lórí àgáà ẹ̀jẹ̀. Àyíká dísìkì tí bakitéríà kò hù sí, bí ó bá fẹ̀ tó mílímítà 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló ń jẹ́rìí sí i.

Ti onígi Gram-negative ló gba iṣẹ́ jù. Ẹ má ṣe oxidase (àyẹ̀wò tó ń di àlùkò bí bakitéríà bá ní èròjà yẹn) látinú igò tàbí látorí gẹ́ẹ̀lì, torí pé ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́kù lè sọ ọ́ di àlùkò lásán. Ẹ dúró de ìpele tínínrín ti ṣokoléètì, ẹ fi igi mú un, kì í ṣe lúùpù nichrome, kẹ́ ẹ sì kà á láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí ó bá di àlùkò, ẹ ronú sí Pseudomonas. Bí kò bá yí padà, àwọn túùbù àyẹ̀wò tí ẹ ti gbìn tẹ́lẹ̀ ló kàn: láti wákàtí àkọ́kọ́ lẹ ti ní láti fi omi bakitéríà tó ki láti orí gẹ́ẹ̀lì gbin omi tryptone, KIA (àgáà tó ń fi ṣúgà tí bakitéríà jẹ hàn), urea àti citrate, torí pé ọ̀pọ̀ bakitéríà lẹ́ẹ̀kan náà ń mú èsì yá. Kovacs (oògùn tí a ń kán sínú tryptone láti wá indole) tó di òrùka pupa ní wákàtí 4 sí 6, tí MacConkey sì pọ́n, E. coli ló jọ. MacConkey tó pọ́n tó sì ń yọ̀ bí ikun, tí indole kò sí, tí citrate dáhùn, tó sì jẹ́ pé kì í rìn, Klebsiella pneumoniae ni. Àwa tí a ń gba igò láti wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun mọ̀ ọ́n dáadáa. Acinetobacter kì í dáhùn oxidase, kì í sì yí KIA padà sí yẹ́lò.

Salmonella Typhi kì í jẹ lactose, kò ní indole, kò ní urease, gáàsì H2S rẹ̀ sì lè jẹ́ ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo nínú KIA. Ẹ fi sérọ́ọ̀mù tó ń mú àmì O9 àti Vi ara bakitéríà ṣù jọ dán an wò lórí síláìdì. Bí Vi bá dáhùn tí O9 kò dáhùn, Vi ló bo O9 mọ́lẹ̀. Ẹ se omi bakitéríà náà nínú omi tó ń hó, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún un dán wò. Àwọn ọmọ tó ní sickle cell tún máa ń ní Salmonella mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹ má fi gbogbo rẹ̀ pe taifọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ má jẹ́ kí Widal, àyẹ̀wò tó ń wá ohun tí ara fi gbógun ti taifọ́ọ̀dù, gba ipò igò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí taifọ́ọ̀dù ti ṣe rí, tàbí tó ti gba àjẹsára rẹ̀, lè dáhùn Widal nígbà tí ohun mìíràn ló ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ènìyàn lágbègbè wa sì ti mu oògùn taifọ́ọ̀dù tí kò ṣe wọ́n.

Oògùn wo ló máa pa á?

EUCAST, ìgbìmọ̀ Yúróòpù tó ń ṣètò àyẹ̀wò agbára oògùn lórí bakitéríà, ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní RAST. Ẹ da 100 sí 150 µl látinú igò pósítíìfù, láìbu omi là á, sórí àgáà Mueller-Hinton, ẹ tẹ́ ẹ, ẹ fi dísìkì oògùn sí i, ẹ gbé e sínú ínkúbétọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ka a ní wákàtí 4, 6 àti 8. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, ẹ̀yà bakitéríà kọ̀ọ̀kan náà ní tirẹ̀, nítorí náà ẹ kò lè kà á láìmọ orúkọ rẹ̀. Bí etí àyíká dísìkì kò bá hàn kedere, ẹ dá a padà sínú ínkúbétọ̀. Bí ìwọ̀n bá bọ́ sí àárín ibi tí tábìlì ìwọ̀n EUCAST ní kí a má sọ̀rọ̀, ẹ má sọ̀rọ̀. Fún S. aureus, dísìkì cefoxitin 30 µg ló ń sọ bóyá MRSA ni, ìyẹn S. aureus tí oògùn methicillin kò ràn. Igò ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà yìí. Bí ti yín bá jẹ́ igò àpòlò, ẹ fi èsì náà ṣe àbá, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe látorí hóró tó mọ́ ní ọjọ́ kejì.

Ẹ̀rọ ńláńlá

MALDI-TOF ń ka pírótéènì bakitéríà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. BioFire BCID2 ń wá ẹ̀yà 33 àti àmì àìgbóògùn 10 láàárín nǹkan bíi wákàtí 1 látinú igò pósítíìfù. Owó wọn ga. Èyí tó sún mọ́ wa ni GeneXpert, tó ti wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Káátíríìjì kan wà fún un tó ń sọ S. aureus àti MRSA láàárín nǹkan bíi wákàtí 1. Ẹ bá àwọn alábòójútó ilé ìwòsàn yín sọ ọ́. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó ń gbà wá lọ́wọ́ Gram, nítorí pé igò lè ní bakitéríà méjì tàbí èyí tí kò sí nínú àkójọ ẹ̀rọ.

Bóyá ti awọ ara ni

Staphylococcus tí kò ní coagulase, Corynebacterium tàbí Bacillus, nínú igò kan ṣoṣo nínú mẹ́rin, tó sì hù lẹ́yìn ọjọ́ kan gbáko, sábà máa ń jẹ́ ti awọ ara. Bí ó bá wà nínú igò láti ojú iṣan méjèèjì, tàbí tí aláìsàn ní laìnì nínú iṣan tàbí àtọwọ́dá fáàfù nínú ọkàn, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọmọ tuntun náà yàtọ̀, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ “kò ní ìtumọ̀.” S. aureus, E. coli, Salmonella àti pneumococcus kì í ṣe ohun tí a ń fojú pa rẹ́ láé. Bí ti awọ ara bá ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo igò yín lọ, ẹ lọ sí wọ́ọ̀dù, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń nu awọ ara.

Aago mẹ́rin

Ẹ fa ilà mẹ́rin sínú rẹ́jísítà fún igò kọ̀ọ̀kan: aago tí a fa ẹ̀jẹ̀, aago tó wọ ínkúbétọ̀, aago tó di pósítíìfù, aago tí a pe dókítà. Ní ìparí oṣù, ẹ yọ àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì, ẹ yọ ẹ̀kẹta kúrò nínú ẹ̀kẹrin. Ibi tí wákàtí bá pọ̀ sí jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ sì tọ́jú bakitéríà kọ̀ọ̀kan sínú bróọ̀tì tó ní glycerol 20% nínú fírísà, kí láàbù tó ní ẹ̀rọ tó pọ̀ ju tiyín lọ lè yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí orúkọ rẹ̀ bá ń ṣe yín ní iyèméjì.